Bí Mo Ṣe Yọ Ti Àpò Kúrò Lára Ìyàwó Mi

Iṣẹ́ tí mo fi ọdún mọ́kànlélógójì ṣe kì í ṣe èyí tí òbí ń torí rẹ̀ fi ọmọ yangàn. N kò tíì rí ẹni tó bímọ tán tó ní, "Olúwa, jẹ́ kí eléyìí di oníwọ̀n kòkó." Dókítà ni wọ́n ń fẹ́, tàbí lọ́yà, tàbí ẹni tí yóò máa tẹ kọ̀ǹpútà nínú yàrá tó tutù. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ ó mú, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín, nítorí pé iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá mú, ẹ ó rí i lọ́jọ́ kan pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń ṣe iṣẹ́ náà mọ́, iṣẹ́ náà ló ń ṣe yín.

Akínfọlárìn ni orúkọ mi, àmọ́ bí ẹ bá dé Ìdànrè tí ẹ bèèrè Akínfọlárìn, wọn yóò kàn máa wo ojú ara wọn ni. Kò-Dín-Kò-Lé ni kí ẹ bèèrè. Àwọn àgbẹ̀ Aládé àti Atosin ló sọ mí bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí mo bá ti pe iye kìlò tí kòkó wọn jẹ́, kò sí ẹni tó ń ní kí n tún un wọ̀n. Mo fẹ́ràn orúkọ yìí ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyàwó mi.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Ilé-ìwé dúró, àbúrò ìyá mi mú mi lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Lásísì. Ọ̀gá Lásísì ló ń wọn kòkó fún àwọn tó ń rà á láti ọwọ́ àgbẹ̀. Ọkùnrin náà rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀. Mùsùlùmí òdodo ni, kì í mutí, kì í purọ́, kì í sì í rẹ́rìn-ín, àyàfi bí ẹnì kan tó fi òkúta sínú àpò kòkó bá bẹ̀rẹ̀ sí í búra. Ìgbà náà ni ẹ ó rí eyín rẹ̀.

Ìwọ̀n àgbékọ́ là ń lò nígbà náà. Igi mẹ́ta la máa ń rì mọ́lẹ̀ tí a ó so orí wọn pọ̀, ìwọ̀n yóò wà lókè, ìwọ̀ ńlá kan yóò sì máa fì nísàlẹ̀ rẹ̀ tí a ó fi àpò kọ́. Fún oṣù mẹ́fà, n kò rí ojú ìwọ̀n. Abẹ́ àpò ni mo wà. Ìgbà tí ọ̀gá wá pè mí síwájú ìwọ̀n, inú mi dùn, mo rò pé ìyà ti tán.

"Kí ni o rí?"

Mo wo ọwọ́ ìwọ̀n dáadáa. "Ọ̀gá, mẹ́rìndínláàádọ́rin ni."

Ó fi eegun ìka gbá mi lórí. "Kí ni o rí?"

Mo tún un wò. Mẹ́rìndínláàádọ́rin náà ni. Mo sọ ọ́, mo tún gba tèmi. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí ó tó là mí lóye. Ó ní àpò fúnra rẹ̀ wọ̀n kìlò kan. Omi tó ṣẹ́kù sínú kòkó, kìlò méjì. Mẹ́ta la gbọ́dọ̀ yọ kí a tó pe iye, àpapọ̀ rẹ̀ là ń pè ní ti àpò. Bí ẹrù bá ti ju ọgọ́rin kìlò lọ, àpò méjì la kà á sí, a ó yọ mẹ́fà. Kì í ṣe olè. Àgbẹ̀ mọ̀, ẹni tó ń rà á mọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé nìyẹn.

"Ojú oníwọ̀n lè rí ohun tó bá wù ú," Ọ̀gá Lásísì wí, "ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ pè é kó tó yọ ti àpò. Kò gbọdọ̀ rò ó. Bí o bá ń rò ó, àgbẹ̀ á rò pé o fẹ́ jà á lólè. Kí ojú máa rí mẹ́rìndínláàádọ́rin, kí ẹnu máa pe mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ní wéré."

Ẹ̀yin ará, mo kọ́ ọ. Ìdí ìka ọ̀gá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ó wọ inú eegun mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jókòó nínú ìjọ Aládùúrà wa lọ́jọ́ kan, tí oníwàásù ní ogójì ọjọ́ ni Jésù fi gbààwẹ̀, tí mo sì dá a lóhùn láìmọ̀ pé, "Mẹ́tàdínlógójì." Wọ́n ní kí n bọ́ síta.

Nǹkan kejì tí ọ̀gá mi kò fi ṣeré ni pé a kì í gbé ènìyàn sórí ìwọ̀n. Lọ́jọ́ kan tí kò sí nítòsí, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ ìwọ̀, mo ká ẹsẹ̀ mi sókè kí n lè mọ iye tí mo wọ̀n. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi. "Ta ló fẹ́ rà ọ́?" Kò lù mí. Ó kàn ní kí n gbé àpò kòkó tútù kan padà sí Atosin lórí, kí n sì tún gbé e bọ̀. Nígbà tí mo dé, tí ọrùn mi ti wọnú èjìká, mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ èèwọ̀.

Ó wò mí. "Ẹnu oníwọ̀n ti bàjẹ́," ó wí.

N kò mọ ohun tó ń sọ. Mo rò pé ó ń bú mi ni. Ó tó ogójì ọdún kí ó tó yé mi, iye tó sì ná mi kì í ṣe kékeré.

Mo gba fíríìdọ̀mù, mo fẹ́ ìyàwó. Wúràọlá ni orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, bí atẹ́gùn bá fẹ́, ẹ̀rù máa ń bà mí kó má gbé e lọ. Ìyá rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi èdè wa, tó ń pe iṣu ní usu, bá mi sọ ọ́: "Akínfọlárìn, usu kì í wọ́n nínú ulé mi. Má jẹ́ kó wọ́n nínú ulé tìrẹ. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fà á fún ọ, má jẹ́ n bá a bẹ́ẹ̀." Mo ṣèlérí. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ pé ìlérí tí mo mú ṣẹ jù lọ láyé nìyẹn. Ní ọdọọdún tí ìyá ìyàwó mi bá wá, apá ọmọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó kí mi. Bí apá náà bá ti pọ̀ sí i, ohùn ìkíni rẹ̀ á dùn sí i. Àwọn mìíràn ní ìwé-ẹ̀rí lórí ògiri. Apá Wúràọlá ni ìwé-ẹ̀rí tèmi.

Ẹ má rò pé òun nìkan ló ń sanra. Nígbà tí mo ń fi ẹsẹ̀ rin lọ sí Atosin pẹ̀lú ìwọ̀n lórí, àgbẹ̀ á gún iyán fún mi, mo máa ń rin iyán náà tán kí n tó délé. Lẹ́yìn náà ni básíkúlà dé. Ìwọ̀n ilẹ̀ ni, ó ní irin pẹrẹsẹ tí a ń ti àpò lé, ó ní ọ̀pá kan lókè tí ọmọ ìwọ̀n ń sún lórí rẹ̀. Kò sí pé à ń fi èjìká gbé àpò kọ́ nǹkan kan mọ́. Mo jókòó sórí àga, mo ń fi ìka kan sún ọmọ ìwọ̀n. Ọ̀kadà náà dé, kò sí pé à ń rìn mọ́. Ẹsẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tó sọ fún ikùn. Iyán tí mò ń rìn tán tẹ́lẹ̀ ń bá mi délé, ó ń bá mi sùn, ó sì ń bá mi jí.

Kò sí ẹni tó rí i bí àìdáa. "Kò-Dín-Kò-Lé, ẹ ti sanra o" ni wọ́n fi ń kí mi, èmi náà á ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin náà á sanra." Àdúrà ni. Oníwọ̀n tó bá rù, ìfura ni àwọn àgbẹ̀ máa ń fi wò ó. Wọ́n á ní ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ lẹ́ran.

Níkẹyìn, àwọn ọmọ olówó kòkó gbé ìwọ̀n oníbátìrì dé. Nọ́ńbà pupa ló ń tàn lójú rẹ̀, ó sì ń yọ ti àpò fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò jẹ eegun ìka ẹnikẹ́ni rí mọ ohun tí wọ́n fi oṣù mẹ́fà gbá sí mi lórí. Mo gbé básíkúlà mi wálé, mo fi tapólìn bò ó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Adìẹ Wúràọlá ń yé sórí rẹ̀.

Níbi tí mo ti ń gbádùn ara mi jẹ́ẹ́ ni Nọ́ọ̀sì Bísí ti wọlé wá. Ọmọ Ìbàdàn ni, òun ni wọ́n gbé wá sí ilé-ìwòsàn kékeré tó wà ní àdúgbò wa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ìwọ̀n kan ṣoṣo tí ilé-ìwòsàn ní ti bàjẹ́. Onígẹdú kan ló gùn ún, ìwọ̀n náà tẹ̀ bí abọ́ páànù. Ó fẹ́ yá básíkúlà.

"Kí lẹ fẹ́ fi wọ̀n?"

"Àwọn ará àdúgbò, bàbá. Àwọn àgbàlagbà. Ìsanrajù ti di ọ̀rọ̀ gbogbo Nàìjíríà báyìí, kì í ṣe ti olówó nìkan mọ́. Àtọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, rọpárọsẹ̀, wọ́n ń pọ̀ sí i ni. Ẹni tí kò bá sì mọ iye tó wọ̀n, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òun ti kọjá ààlà?"

Mo ní kò ṣeé ṣe, èèwọ̀ ni.

"Èèwọ̀ ta ni, bàbá?"

"Ti ọ̀gá mi."

"Níbo ni wọ́n wà kí n lọ bẹ̀ wọ́n?"

"Wọ́n ti kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ló pa wọ́n?"

"Ọjọ́ orí ni. Wọ́n dàgbà gan-an."

"Ṣé wọ́n sanra?"

"Rárá o."

"Ẹ rí i," Nọ́ọ̀sì Bísí wí.

Wúràọlá, tó ń ka ọṣẹ lórí àtẹ rẹ̀ níwájú ilé, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Fọlá, ẹ gbé ìwọ̀n fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún adìẹ láti jogún ni?" Bí mo ṣe gbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ní èmi fúnra mi ni yóò sún ọmọ ìwọ̀n, nítorí pé ọwọ́ àjèjì kì í kan irinṣẹ́ mi. Ẹ wò ó, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ta okùn tó wá mú mi.

Lọ́jọ́ ìwọ̀n, àfi bí ọdún ìbílẹ̀. Ohun tí Nọ́ọ̀sì Bísí kò mọ̀ nípa wa ni pé ọmọ kòkó ni wá. Láti ìgbà tí a ti dáyé, bí ohun kan bá gun ìwọ̀n, àdúrà wa ni pé kó wọ̀n. Àgbẹ̀ kan láti Aládé gbé àdá rẹ̀ gùn ún, ó ní kò sí ẹni tí òun lè fi í tì. Alájì Múfú tó ń ta aṣọ, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, mu ìgò omi méjì kó tó gùn ún. Ẹni tó bá wọ̀n jù, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Nọ́ọ̀sì ń pariwo pé, "Ẹ má pàtẹ́wọ́ mọ́, ẹ jọ̀ọ́, kò dáa, kò dáa." Alájì ní, "Ọmọ mi, bí ẹ bá fẹ́ kí a máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó fúyẹ́ jù, ẹ bá tètè sọ, ǹ bá má ti mu omi yìí."

Ó ṣàlàyé fún wa. Ó ní sísanra kò burú, *jù* tó wà nídìí rẹ̀ ló burú. Ó ní ṣebí àwa náà la ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìyá kan dìde, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, bí a kò bá gbọdọ̀ kí ara wa pé ẹ ti sanra mọ́, kí ni ká máa wí?" Títí di òní, n kò tíì gbọ́ èsì tó dára.

Ohun tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò kò pọ̀ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, nítorí náà ó fi ààlà sí i. Ẹni tó bá wọ̀n tó ọgọ́rùn-ún kìlò, kó bọ́ sínú yàrá, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá tó o, kó máa lọ sílé ná, ìgbà mìíràn ni yóò kàn án. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gùn ún láti fi dán ìwọ̀n wò. Mo pe méjìdínláàádọ́rin. Inú rẹ̀ dùn, ó ní àwẹ̀ tí òun ń gbà ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó kan Wúràọlá, ó bọ́ bàtà, ó tú gèlè, ó gùn ún. Mo sún ọmọ ìwọ̀n. Ọ̀pá náà dúró gbọọrọ.

"Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún," mo pè.

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé. Wúràọlá fi ijó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ, n kò pé ọgọ́rùn-ún," ó sì kọjá níwájú yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láìwo ibẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, iyán tí a jẹ kì í ṣe kékeré.

Oṣù kan kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé Wúràọlá ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Kò pẹ́ tó bá jókòó tó ń dìde lọ tọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ gbá òkúta, ojú egbò náà kò sì jiná. Mo ní, "Ìyá Fọlá, lọ rí Nọ́ọ̀sì." Ó ní, "Kí n lọ ṣe kí ni? Ṣebí àwọn tó pé ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rọ̀ kàn. Àbí ẹ kò gba ìwọ̀n ara yín gbọ́ ni?" Orúkọ mi ló fi dá mi lóhùn. Mo gba ìwọ̀n ara mi gbọ́, mo sì fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, a wà nínú ìjọ, a ń kọrin, Wúràọlá ṣubú lulẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibòmíràn ló ṣubú sí, wọn ì bá ti gbé e. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wa, bí ènìyàn bá ṣubú, ẹ̀mí ló gbé e. Wọ́n lu agogo. Wọ́n yí i ká. Akọ̀wé ìran fa bírò yọ, ó tẹ́ ìwé sórí orúnkún.

"Omi," Wúràọlá wí. "Omi."

"Omi," akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ̀mí ń bá ìjọ sọ̀rọ̀ nípa omi."

Wòlíì ní àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni, olúkúlùkù kó gbé omi wá fún àdúrà. Èmi náà ń ṣe àmín. Mo fi ìtìjú sọ ọ́ fún yín, mo ń ṣe àmín. Àfìgbà tí ojú rẹ̀ pàdé ojú mi ni mo mọ̀ pé ìyàwó mi kò sí nínú ìran kankan, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ó sì ń lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ dìde lórí rẹ̀. Omi tó ń wí, omi mímu ni." Ọkùnrin mẹ́rin la fi gbé e wọ takisí, ó di ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Bísí.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga débi pé ẹ̀rọ Nọ́ọ̀sì Bísí kò lè kà á. Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí takisí náà pa ẹ́ńjìnì. Òun náà wọlé tì wá, ó di ilé-ìwòsàn ńlá kan ní Àkúrẹ́. Ẹ̀rù bà mí lọ́nà yẹn bí kò ṣe bà mí rí. Ọ̀nà tí mo ti mọ̀ láti kékeré, n kò mọ ibi tí a dé.

Wọ́n fi omi àti oògùn sí i lára. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tó lè dúró, wọ́n gbé e gun ìwọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀ ní, "Mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún."

Mo ní ìwọ̀n rẹ̀ ń purọ́. Mo sọ fún un pé oníwọ̀n ni mí, pé mo ti ń wọn nǹkan kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀, pé àìsàn kì í sọ ènìyàn di ọ̀rá. Nọ́ọ̀sì Bísí tó wá wò wá lọ́jọ́ náà sún mọ́ ibẹ̀. Ó gbé àpò rẹ̀ lé ilẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gun ìwọ̀n náà. Mọ́kànléláàádọ́rin. Ó wo nọ́ńbà náà títí, ó wá yíjú sí mi.

"Bàbá, lọ́jọ́ yẹn, méjìdínláàádọ́rin lẹ pè fún mi. Ẹ rántí?"

"Mo rántí."

"Kí lẹ yọ?"

"Ti àpò," mo wí, ẹnu mi kò sì pa dé kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

"Àpò wo, bàbá?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò mọ ibi tí mo fẹ́ kó ojú sí. Ojú mi ti rí mẹ́rinlélọ́gọ́rùn-ún lára ìyàwó mi. Ó ju ọgọ́rin lọ, àpò méjì ni, ẹnu mi yọ mẹ́fà. N kò rò ó. Wọ́n ti gbá rírò kúrò lórí mi láti kékeré. Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, tèmi lé ní ogójì, odidi àdúgbò ló sì jó. Ẹni tó sanra jù nínú wọn ni mo sì yọ tirẹ̀ jù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Lásísì ti yé mi. Ẹnu oníwọ̀n ti bàjẹ́. Kò bú mi. Ó ń sọ iṣẹ́ wa bó ṣe rí.

Mo sún mọ́ Wúràọlá lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sọ ọ́ fún un láìfi bò. Ó pa ojú dé, mo rò pé ó ń sunkún. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní, "Àpò méjì. Bàbá Fọlá, ẹ wò mí sùn-ùn, àpò méjì lẹ rí." Ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì àgbà fi wá bá wa wí. Èmi ni mo sunkún.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nígbà tí a padà dé, mo gba ìwé orúkọ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, mo ní ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan ni n ó lọ kí n dá kìlò wọn padà fún wọn. Mo fẹ́ gun ọ̀kadà. Wúràọlá, tí dókítà ti ní kó máa rìn, ní òun á bá mi lọ bí ẹlẹ́rìí. Ọlọ́kadà wo èmi, ó wo òun. "Bàbá, ẹ̀yin méjèèjì? Ẹ yan ẹnì kan." A fi ẹsẹ̀ rìn.

Ìrìn yẹn kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Lóòjọ́, ilé méjì, ilé mẹ́ta. Nígbà àkọ́kọ́, a ń sinmi lábẹ́ gbogbo igi tó ní òjìji, Wúràọlá pẹ̀lú bàtà tó bo ojú egbò rẹ̀, èmi pẹ̀lú orúnkún tó ń dún. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló sì gba ẹrù rẹ̀ padà. Alájì Múfú ní, "Ẹ rin láti ilé yín wá torí pé ẹ fẹ́ fún mi ní kìlò mẹ́fà? Ẹ máa gbé e lọ, Kò-Dín-Kò-Lé. Mo fi ta yín lọ́rẹ." Wúràọlá jókòó sórí àga rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ hàn án. Alájì kò tún ṣeré mọ́. Ó lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga bí òkè. Oògùn ló ń lò báyìí, ó sì ń rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó ní ẹ̀bùn tí òun kọ̀ ló gba òun là.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ pé a fi iyán sílẹ̀. Ọmọ Ìdànrè ni wá. Ṣùgbọ́n òkèlè rẹ̀ ṣeé kà lórí àwo báyìí, ẹ̀fọ́ ló sì pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Ọmọ mi ní kí n ra ìwọ̀n oníbátìrì sínú ilé. Mo kọ̀ ọ́. Mo ní ibi tí mo ti sọ nǹkan nù ni n ó ti wá a.

Ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn tí a ti Àkúrẹ́ dé, Wúràọlá fúnra rẹ̀ ló lé adìẹ kúrò lórí básíkúlà. Ó nu irin náà. Ó bọ́ bàtà, ojú egbò ti san, àpá kékeré ló kù. Ó tú gèlè. Ó gùn ún.

Mo sún ọmọ ìwọ̀n. Ọ̀pá náà lọ sókè, ó wá sílẹ̀, ó dúró gbọọrọ. Ẹnu mi ti là, mo yára fi ọwọ́ bò ó.

"Kí ni ojú yín rí, Bàbá Fọlá?"

Mo tún wò ó. Mo rọra gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu. "Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún."

Kò jó lọ́tẹ̀ yìí. Ó dúró lórí irin náà, ó ń wò mí. "Ṣé ẹ ti yọ ti àpò?"

"N kò yọ nǹkan kan."

Ó mí kanlẹ̀. Ó tún ẹsẹ̀ tò dáadáa lórí irin.

"Ẹ tún mi wọ̀n," ó wí.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, òun lẹni àkọ́kọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo tún un wọ̀n.